Òfófó Tó Di Dọ́là

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìyá Káńádà ti dé o! Bí ẹ bá ń gbé àgbolé yìí tí ẹ kò tíì gbọ́, a jẹ́ pé etí yín ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí mọ́tò ṣe dúró lẹ́nu géètì báyìí ni Ìyá Alákàrà fi epo sílẹ̀ lórí iná. Ìyá Ìbejì ní kíkí lásán ni òun wá kí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára àpótí. Bàbá Lándíọ̀dù tó ní ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí òun wá sípàdé omi ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìmú ọ̀pá dání.

Wọ́n pín ọṣẹ, wọ́n pín ìpara, wọ́n pín ṣokoléètì tó ti yọ́ lójú ọ̀nà. Èmi gba bùláòsì kan tí apá rẹ̀ gùn ju apá mi lọ, mo dúpẹ́. Ohun tí kò fún ẹnikẹ́ni ni báàgì aṣọ kan. Àjákù aṣọ fèrèsé oríṣiríṣi ni wọ́n tò pọ̀ rán an. Ìyá Alákàrà tí kì í mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Káńádà, ẹ wọ bàálù lọ, ẹ wọ̀ ọ́ bọ̀, aṣọ fèrèsé lẹ rí rà? Àbí ẹ ti gbàgbé ọ̀nà ọjà Gbági ni?"

Ìyá Káńádà ní ká rọra. Ó ní àwọn ìyá àgbà òyìnbó ló rán báàgì náà, pé wọ́n ń tà á láti fi dáwó fún àwọn ìyá àgbà nílẹ̀ Áfíríkà tí àrùn Éèdì ti pa ọmọ wọn, tó wá ku àwọn àti ọmọ-ọmọ nínú ilé.

Ẹ wò ó, gbogbo wa ti fẹ́ máa lọ tẹ́lẹ̀, torí ẹ̀bùn ti tán. Kò sẹ́ni tó dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Káńádà ná, kí n tó sọ ti báàgì. Aláró ni, Ìyá Aláró la sì ń pè é kí ọmọ rẹ̀ tó bímọ sí Brampton ní Káńádà, tó ní kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ. Ìgbà òtútù ló lọ. Ó ní òun wẹ ọmọ náà dáadáa, àfi ìgbà tí òun fẹ́ nà án, tí òun fẹ́ fi apá kan gbé e sókè bí a ṣe ń ṣe é nílé, ni bàbá ọmọ figbe ta. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá ọmọ ọ̀hún o, ṣùgbọ́n ó ti di ará Káńádà ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Mo ní nǹkan láti sọ nípa àna yẹn, àmọ́ kì í ṣe tòní. Kí Ìyá Káńádà tó lọ, ó jẹ ẹgbẹ́ àjọ wa lówó. Mo kàn mẹ́nu bà á ni, kí ẹ má baà ní mo gbàgbé.

Aláró mọ aṣọ. Ohun tó gbé e dé ìdí tábìlì àwọn ìyá arúgbó náà nìyẹn, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé báàgì kan, ó yí inú rẹ̀ síta, ó yẹ ojú rírán wò, ó ní kò burú. Ọ̀kan nínú wọn bá a sọ̀rọ̀, òun náà fi Gẹ̀ẹ́sì ọjà fèsì, bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un ló sọ fún mi. Ṣùgbọ́n èmi kì í gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu kan kiri, iṣẹ́ yìí ní òfin tirẹ̀. Mo ní kí ọmọ Bàbá Tíṣà tó wà ní yunifásítì bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Òótọ́ ni, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò bẹ̀rẹ̀ ní Káńádà rárá. Alexandra ló ti bẹ̀rẹ̀, àdúgbò kan ní Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ilé fara ti ilé, tí aládùúgbò ń gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń húkọ́. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Rose Letwaba, tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lọ́kàn. Ó wá kíyè sí i pé ìyá kọ́ ló ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ wá sí kílíńìkì mọ́, ìyá àgbà ni. Ìyá dà? Ìyá ti kú. Bàbá ńkọ́? Bàbá ti ṣáájú. Àwa máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété dàgbà ní Alexandra, kò rí ọmọ. Ọmọ-ọmọ ló bá nílẹ̀ tó ń sunkún, òun náà ló tún ń wá ọmú tí yóò fi sí i lẹ́nu. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, ẹni àádọ́rin ọdún, ló tún padà sídìí aṣọ ilé-ìwé fífọ̀ àti owó ilé-ìwé wíwá. Nọ́ọ̀sì náà kó wọn jọ. Wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Gogo ni wọ́n ń pe ìyá àgbà lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ àwọn gogo nìyẹn.

Ẹ má ní ṣé ọ̀rọ̀ sísọ náà wá di bàbàrà. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. Ẹ rántí Fẹlá. Ọjọ́ kejì oṣù Ògún 1997 ni Fẹlá Aníkúlápó Kútì kú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú tó tún mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, pe àwọn oníròyìn, ó ní Éèdì ló pa àbúrò òun. Títí dòní olónìí, Bàbá Lándíọ̀dù kò gbà. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí owó ilé yín lọ sókè, ẹ má dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe. Ohun tí gbogbo ìlú ì bá máa fẹnu wẹ́nu sọ lábẹ́lẹ̀ fún ogún ọdún, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lọ́sàn-án gangan. Kí ló kù tí olófòófó yóò tú?

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún tálákà. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 1998, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gugu Dlamini sọ lórí rédíò, nítòsí Durban, pé òun ní kòkòrò HIV lára. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ lù ú, ó sì kú. Aládùúgbò o, kì í ṣe ọlọ́ṣà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá wo ni yóò la ẹnu rẹ̀ pé Éèdì ló pa ọmọ òun? Ikọ́ ife ni. Májèlé ni wọ́n fún un jẹ. Ibà lásán ni. Ìyá á sin ọmọ, á sì gbé orúkọ àrùn náà mì. Ó di ọjọ́ kẹfà oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2005 kí Nelson Mandela, bàbá ẹni ọdún 86, tó jókòó síwájú àwọn oníròyìn pé Éèdì ló pa ọmọ òun Makgatho, pé ká yéé fi àrùn náà pa mọ́. Nítorí náà, bí gogo kan ní Alexandra bá lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kó dárúkọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ti ṣẹlẹ̀, bí kọ́bọ̀ kan ò tilẹ̀ tíì wọlé.

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, kọ́bọ̀.

Ní 2004, Rose Letwaba dé Wakefield, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Gatineau ní Quebec, tí kò jìnnà sí Ottawa. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn gogo rẹ̀ fún wọn. Àwọn ìyá arúgbó wà níjókòó, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pe ara wọn ní Wakefield Grannies, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn ìyá àgbà Alexandra, wọ́n sì ń dáwó ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe àwa kan ní olófòófó, ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí nìyí. Báwo lọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò nílùú kékeré? Ìwé ìròyìn gbé e, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn lásán ò lè mú ìyá ẹni ọdún 70 dìde lórí àga. Ẹni tó lè mú un dìde ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pè é lórí fóònù pé, "Gbọ́, ṣé o ti gbọ́?" Òfófó nìyẹn o, kò ní orúkọ méjì. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí èyí tó pa Gugu Dlamini ni pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbé e kiri láti fi ran olóhun lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró: Stephen Lewis. Olóṣèlú ni tẹ́lẹ̀ ní Ontario, ó ti ṣojú Káńádà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Nígbà èwe rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ti ṣe tíṣà ní Gánà àti ní Nàìjíríà wa níbí. Bàbá Tíṣà ní kò ya òun lẹ́nu, pé ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ Nàìjíríà rí kò ní lè dákẹ́ mọ́ láyé. Láti 2001 dé 2006, òun ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣe aṣojú wọn lórí ọ̀rọ̀ Éèdì nílẹ̀ Áfíríkà. Ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ibi gbogbo tó dé, ìyá àgbà ló ń bá lẹ́nu ọ̀nà. Ní 2003 ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní Toronto tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Stephen Lewis Foundation, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ilana Landsberg-Lewis, sì di olùdarí rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Ẹrẹ́nà 2006, tí ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé ku ọ̀la, wọ́n kéde ètò kan tí wọ́n pè ní Grandmothers to Grandmothers: ìyá àgbà Káńádà, ìyá àgbà Áfíríkà, kí wọ́n di ara wọn mú.

Nígbà tó di oṣù Ògún ọdún yẹn, wọ́n pe ìpàdé sí Toronto. Ìyá àgbà 100 wá láti orílẹ̀-èdè 11 ní Áfíríkà, 200 sì wá láti Káńádà. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà 300 nínú gbọ̀ngàn kan! Àwa mẹ́rin lásán tí a ń jókòó síwájú ilé níbí, Bàbá Lándíọ̀dù ní a kì í jẹ́ kí òun sùn. Ìyá Káńádà ní ọ̀rẹ́ òun sọ pé wọ́n sunkún, wọ́n jó, wọ́n tún sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi àwọn ará Áfíríkà pé kí ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan bọ inú: oúnjẹ, orùlé, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, iṣẹ́ tí ọwọ́ àwọn lè ṣe tí wọn ò fi ní máa tọrọ, àti ẹni tí àwọn yóò máa bá sọ̀rọ̀ nípa òkú àwọn. Àwọn ará Káńádà búra pé àwọn ò ní sinmi títí àwọn ìyá àgbà Áfíríkà yóò fi rí ìsinmi.

Wọ́n tún sọ̀rọ̀ owó àgbàlagbà. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọba ń fún tálákà tó bá ti pé ẹni 60 ọdún lówó lóṣooṣù, bó ti wù kó má ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Ìyá àgbà kan gba owó yẹn, èèyàn mẹ́jọ jẹ ẹ́. Ibí yìí ni Bàbá Tíṣà ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Ó ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí ń gbowó, òun tó kọ́ mínísítà ní ABD ń tò sórí ìlà kí wọ́n lè yẹ òun wò bóyá òun ṣì wà láàyè. A bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ó sọ ọ́ títí omi fi tán nínú jọ́ọ̀gì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ti ààyù kún un, torí ó dùn. Bí ìpàdé àwọn ìyá àgbà ṣe parí ni ìpàdé àgbáyé lórí Éèdì bẹ̀rẹ̀ ní Toronto kan náà, láti ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 18 oṣù Ògún. Gbogbo ayé wá, àfi olórí ìjọba Káńádà fúnra rẹ̀, Stephen Harper, tí wọ́n ń ṣe é nílé rẹ̀ tí kò yọjú. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tẹ́ ìsọ̀ tirẹ̀ láti fi ohun tó ń ṣe hàn. Kí ni àwọn Gúúsù Áfíríkà tẹ́ sí tiwọn? Ààyù, lẹ́mọ́ọ̀nù àti bíìtúrúùtù! Mínísítà ìlera wọn nígbà náà, Manto Tshabalala-Msimang, ti ń kéde pé oúnjẹ wọ̀nyí wúlò fún ẹni tó ní kòkòrò náà. Ìyá Alákàrà ní ṣé àrùn ni wọ́n fẹ́ wò ni àbí ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sè. Stephen Lewis ò fi ṣeré ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ìpàdé, ó na ìjọba yẹn lọ́rọ̀ ní gbangba pé èrò wọn dàbí ti àwọn tí orí wọn ò pé.

Ohun tó ń bí i nínú ni pé oògùn wà. Tẹ́lẹ̀, ó lé ní 10,000 dọ́là tí ẹnì kan máa ná lórí oògùn HIV lọ́dún. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà ní àwọn yóò ta tiwọn fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní 350 dọ́là. Ọmọ tó kú lẹ́yìn ọdún yẹn, tí ìyá àgbà sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀, ìwọ̀n 350 dọ́là ló yà á kúrò láyé, pẹ̀lú agídí àwọn tó yẹ kó san án.

Ó dáa, owó. Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Ẹ má fọkàn sí olówó ńlá. Àwọn kan lọ bá àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n gba àpẹẹrẹ aṣọ fèrèsé àti aṣọ àga tí wọn kò lò mọ́, wọ́n fi rán báàgì, èyí tí Ìyá Alákàrà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ti Ottawa pa ọjà aṣọ: ìwọ ìyá tí àpótí rẹ kún fún aṣọ tí o rà lọ́dún gbọ́rọ́ tí o kò rán, kó o wá. Ìyá Káńádà ní òun ronú kan àpótí tiwa níbí, òun sì mi orí. Àwọn kan ń ta ayò Scrabble, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ta. Àwọn ti Victoria, létí òkun ìwọ̀-oòrùn, ló bà mí lẹ́rù jù. Obìnrin tó ti lé ní 55 ọdún ni wọ́n, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Campbell River dé Victoria, nǹkan bíi kìlómítà 275, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, àwọn ojúlùmọ̀ wọn sì ń ṣèlérí owó nítorí rẹ̀. Bàbá Lándíọ̀dù béèrè pé ta ni ọkọ wọn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ẹgbẹ́ báwọ̀nyí ti lé ní 200 rí káàkiri Káńádà, owó tí wọ́n sì ti kó jọ látìgbà yẹn lé ní 40 mílíọ̀nù dọ́là ilẹ̀ wọn. Aṣọ fèrèsé! Kẹ̀kẹ́! Àwa tí a ń dáwó tiránsífọ́mà níbí, ẹ mọ̀ bó ṣe parí. Ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún méjì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì, ẹni tí kò dá nǹkan kan ló ń bú akápò jù, akápò sì bínú, ó ní òun ò ṣe mọ́, iná ò sì dé. Mi ò ní dárúkọ. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ kó máa fọ àwo rẹ̀ lọ.

Bàbá Tíṣà ní kí n má sọ àsọdùn. Ó ní báàgì kọ́ ló ra oògùn fún Áfíríkà. Pé Global Fund tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002 àti PEPFAR tí ìjọba Bush ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 2003 ló ń ná bílíọ̀nù. Òótọ́ ló sọ, ìwé ló kà. Ṣùgbọ́n bílíọ̀nù kì í mọ ọ̀nà abúlé. Ó ra oògùn sí kílíńìkì. Ta ló san owó mọ́tò ìyá àgbà dé ibẹ̀? Ta ló ra yúnífọ́ọ̀mù? Ta ló ra bùláńkẹ́ẹ̀tì, ta ló san owó pósí, ta ló jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó rí ikú ìyá rẹ̀ lójú ara rẹ̀? Owó ìyá àgbà ló ń wọ irú àwọn ihò bẹ́ẹ̀. Èkejì: ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dá owó ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró ná, àwọn kílíńìkì kan sì ti ilẹ̀kùn. Ìwé kan tí ọkùnrin kan fọwọ́ sí ló ṣe é. Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé tí yóò dá gbogbo ẹgbẹ́ ìyá arúgbó wọ̀nyí dúró? Kó wá sọ fún wọn!

Ọ̀nà tí owó náà ń gbà lọ tún ni ohun tó wù mí jù. Àjọ Stephen Lewis kì í rán òyìnbó lọ kọ́ ilé-iṣẹ́ sí abúlé. Àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn dá sílẹ̀ ni wọ́n ń fún. Ọ̀kan wà ní Yùgáńdà tó ń jẹ́ Nyaka. Twesigye Jackson Kaguri ló dá a sílẹ̀, ọmọ ibẹ̀ tó ń gbé Amẹ́ríkà. Éèdì pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì mú 5,000 dọ́là tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú láti fi ra ilé, ó fi kọ́ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ òrukàn abúlé rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i pé ìyá àgbà ló ń tọ́ àwọn ọmọ ọ̀hún, òun náà bá yíjú sí wọn. Àwọn ìyá náà pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n yan olórí, àwọn fúnra wọn ló sì ń pinnu ẹni tí wọn yóò kọ́ ilé fún àti ẹni tí wọn yóò gbẹ́ ṣáláńgá fún. Ṣé ẹ rí i? Ta ló mọ ẹni tí orùlé rẹ̀ ń jò? Aládùúgbò ni. Àwa la mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ wa ni.

Ẹ tún gbọ́ ti Siphiwe Hlophe, ọmọ Swaziland, tó ń jẹ́ Eswatini báyìí, níbi tó jẹ́ pé bí ẹ bá ka àgbàlagbà mẹ́rin, ọ̀kan ní kòkòrò náà lára. Ní 1999, ó fẹ́ gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ sí Ìlú Ọba. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí HIV. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ. Ọkọ náà lọ. Obìnrin yìí ò wọ inú yàrá lọ kú. Ní 2001, òun àti àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ní kòkòrò náà dá ẹgbẹ́ SWAPOL sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Ní oṣù Ẹ̀bìbì 2010, ìlú Manzini ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ gba àlejò ìyá àgbà bíi 500 láti Áfíríkà, àwọn bíi 40 láti Káńádà sì wá. Ẹ wo bí ìṣirò ṣe yí padà! Ní Toronto, àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù. Ní Manzini, ìjókòó ni wọ́n wá jókòó, kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì ní gbogbo rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé òyìnbó ló tún máa ń ṣe é fún wa? Ìbéèrè gidi ni, mi ò fojú di í. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó tún ìtàn náà kà. Nọ́ọ̀sì Alexandra ló kọ́kọ́ kó wọn jọ. Ọmọ Yùgáńdà ló ná owó ilé rẹ̀. Obìnrin Swaziland ló la ẹnu sọ ọ́ síta. Àwọn ará Káńádà, etí ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá, kí wọ́n tó mú báàgì. Ẹni tó bá fẹ́ dáwó fún èèyàn, kó kọ́kọ́ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Owó tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá, ìyàǹjẹ ni, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ níbí. Ìyá àgbà kan wà ní ìlà ẹ̀yìn wa pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Mi ò ní sọ ilé. Bàbá Lándíọ̀dù, bóyá torí kẹ̀kẹ́ àwọn obìnrin Victoria ti wọ̀ ọ́ lára, ní ká dáwó fún un. Inú gbogbo wa dùn. Ìyá Alákàrà ní ìrẹsì la máa rà. Ìyá Ìbejì ní Ankara ni, kí àwa náà rà nínú rẹ̀, ká wọ̀ ọ́ lọ gbé e fún un, ká ya fọ́tò. Bàbá Tíṣà ní òun máa kọ àdírẹ́sì tí wọn yóò kà síwájú rẹ̀. Ariwo dé ojú títì. Mo wá béèrè pé ta ló ti bi obìnrin náà léèrè. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo lọ. Mi ò bi í ohun tó pa ọmọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu ń yún mi débi pé mo fi ọwọ́ bò ó, ṣùgbọ́n n kò bi í, torí kò sí nínú ohun tí owó wa fẹ́ rà. Ohun tó ń fẹ́ ni mo bi í. Ó sọ ọ́, ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, ó sì ní mo lè mú ìyẹn lọ fún wọn. Ìyókù, àárín àwa méjèèjì ló wà.

Kì í ṣe ìrẹsì. Kì í ṣe Ankara. Ó dájú pé kì í ṣe àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n mi ò ní tú u fún ẹni tí kò bá tíì dáwó. Ẹgbẹ̀rún kan náírà la fi ń gbọ́ ọ, inú agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí ni ẹ máa jù ú sí. Ìyá Ìbejì ti san, ó ti gbọ́, ó sì ti padà wá fi ẹgbẹ̀rún méjì kún un. Ìyá Alákàrà ti san. Mo kìlọ̀ fún un pé bó bá sọ ọ́ fún oníbàárà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ mẹ́ta ló jà lólè. Bàbá Lándíọ̀dù ní kí n gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́wọ́ òun, kí òun gbọ́ ìdajì. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ẹ lọ mú ìyókù wá. Ìdajì òfófó, irọ́ ni."